Dígí àtijọ́ kan wù mí: ṣé kí n pààrọ̀ gíláàsì ẹ̀ ni àbí kí n fi sílẹ̀ bó ṣe wà?

ÀbẹkẹIlé

Ẹ kúuṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí láìdá sí i, ṣùgbọ́n dígí kan ti gbà mí lọ́kàn láti ọjọ́ mẹ́ta yìí, mi ò lè gbé e kúrò lọ́kàn. Ẹnì kan tó ń kó kúrò nílé ńlá bọ́ sí kékeré ló fẹ́ tà á, mo sì ti bẹ̀ ẹ́ kó bá mi mú un dání di òpin ọ̀sẹ̀. Gíga ẹ̀ tó 120 sẹ̀ǹtímítà, fífẹ̀ ẹ̀ tó 80, férémù ẹ̀ aláwọ̀ wúrà, igun méjì tó wà lókè ká rọ̀bọ̀tọ̀, àwọn ti ìsàlẹ̀ wá jẹ́ igun gidi, òdòdó kan wà tí wọ́n ṣe sí orí ẹ̀ láàárín. Onítọ̀hún ní ó ti lé ní 100 ọdún.

Gíláàsì ẹ̀ ló ń kọ mí lóminú. Àmì dúdú dúdú wà ní etí ẹ̀ yíká, àárín ẹ̀ náà wá ṣú díẹ̀ bí ìgbà téèyàn mí sí i lára tí èémí yẹn ò sì kúrò. Báwo ni màá ṣe mọ̀ pé àtijọ́ ni lóòótọ́? Ṣé kí n yọ gíláàsì yẹn kí n fi tuntun sí i? Ibo ló sì yẹ kí n gbé e kọ́ ní pálọ̀, torí àga gígùn mi tó 2 mítà, fèrèsé ńlá sì wà ní ọwọ́ òsì ẹ̀, mo rò pé òkè àga yẹn ló máa dáa jù. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí i.

AtúnFérémùṢe

Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì yọ nǹkan kan lára ẹ̀ o. Iṣẹ́ férémù ni mò ń ṣe, ó ti lé ní ogún ọdún, ohun tí mo sì máa ń kọ́kọ́ ṣe tí wọ́n bá gbé dígí wá bá mi ni pé màá dojú ẹ̀ kọ ògiri, màá wo ẹ̀yìn ẹ̀. Iwájú ni wọ́n máa ń kùn, iwájú ni wọ́n máa ń tún ṣe. Ẹ̀yìn ni ọjọ́ orí ẹ̀ wà.

Ẹ wo pákó tí wọ́n fi bo ẹ̀yìn ẹ̀. Tó bá jẹ́ pákó gidi tó ti ṣú, tó ti gbẹ dé ibi pé àlàfo ti là sáàárín pákó kan sí èkejì, inú mi dùn. Ẹ tún wò ó dáadáa bóyá ibi tí atẹ́gùn ń kàn ló ṣú jù tí ibi tí nǹkan bò sì mọ́ jù ú lọ, torí igi kì í ṣú dọ́gba dọ́gba, ẹni tó ń ṣe ayédèrú ló máa ń kun gbogbo ẹ̀ ní àwọ̀ kan náà. Tẹ́ ẹ bá bá pulaiwúùdù níbẹ̀, a jẹ́ pé nǹkan tuntun ni, àbí kẹ̀ ẹnì kan ti pààrọ̀ ẹ̀yìn ẹ̀ nígbà kan. Ẹ wo síkúrù náà. Èyí tí orí ẹ̀ ní àmì àgbélébùú, àwọn ọdún 1930 ló tó dé ọjà, èyí àtijọ́ ojú ìlà kan péré ló máa ń ní. Síkúrù nìkan ò lè dá ẹjọ́ náà ṣá, torí wọ́n lè ti fi òmíì rọ́pò ẹ̀, ẹ wo ihò ẹ̀ bóyá ó ní ihò àtijọ́ míì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Ẹ wá bọ́ sí férémù. Igi ni wọ́n máa fi ṣe egungun ẹ̀, wọ́n á wá fi ẹfun tí wọ́n pò mọ́ àtè awọ ẹran kùn ún lẹ́ẹ̀mẹ́jọ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá títí á fi dán, lẹ́yìn náà amọ̀ pupa tàbí amọ̀ rúsúrúsú á tẹ̀ lé e, kí wúrà tó fẹ́lẹ́ ju bébà lọ tó gorí gbogbo ẹ̀. Torí náà ibi tí ọwọ́ àti aṣọ ti ń rá wúrà yẹn láti ọjọ́ pípẹ́, ẹ máa rí amọ̀ pupa yẹn tó ń yọjú níbẹ̀, pàápàá ní ibi tó ga lórí òdòdó yẹn. Tẹ́ ẹ bá tún fi ojú sí i, ẹ máa rí ìlà tín-ín-rín ní ibi tí ewé wúrà kan ti gun èkejì. Wúrà gidi kì í pa àwọ̀ dà. Èyí tí wọ́n fi ọ̀dà lẹ́búlẹ́bú idẹ kùn ló máa ń di àwọ̀ ilẹ̀ tàbí kó máa ṣe àwọ̀ ewé tó bá pẹ́. Àwọn férémù résìn (ike líle tí wọ́n dà) tòde òní sì rèé, ẹ̀yìn wọn máa ń dán, ihò atẹ́gùn kéékèèké máa ń wà níbẹ̀, gbogbo òdòdó ara ẹ̀ á sì jọra bí ìbejì torí inú mọ́ọ̀dù kan náà ni wọ́n ti jáde.

Irú tẹ́ ẹ ṣàlàyé yẹn, tí igun òkè ẹ̀ ká tí ìsàlẹ̀ ẹ̀ mú, Louis-Philippe ni wọ́n ń pè é, wọ́n fi orúkọ ọba ilẹ̀ Faransé tó jọba láti 1830 sí 1848 sọ ọ́. Ṣùgbọ́n wọn ò dá iṣẹ́ yẹn dúró nígbà tí ọba kúrò lórí oyè, wọ́n ń ṣe é lọ ni, wọ́n ṣì ń ṣe é dòní, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi bó ṣe rí nìkan tà á fún yín.

Kẹ́mi_PálọKékeré

Ẹ̀gbọ́n Férémù ẹ ṣeun gan-an, mo ti lọ yí ti èmi náà padà báyìí. Pulaiwúùdù ni 😢 ó ṣì wù mí bẹ́ẹ̀ náà.

AwoDígí

Ẹ̀gbọ́n Férémù ti sọ ti igi, ẹ jẹ́ kí n fi ti gíláàsì kún un torí ibẹ̀ ni ọkàn tèmi wà.

Ẹ mú bírò, ẹ fi ẹnu ẹ̀ kan ojú dígí yẹn. Àlàfo tó bá wà láàárín ẹnu bírò àti òjìji ẹ̀ tó wà nínú dígí, nínípọn gíláàsì ló ń sọ fún yín, bí àlàfo yẹn bá ṣe kéré tó ni gíláàsì ṣe tín-ín-rín tó. Ọ̀pọ̀ gíláàsì àtijọ́ ló tín-ín-rín. Lẹ́yìn náà ẹ dúró sí ọ̀kánkán ẹ̀, ẹ wá nǹkan tó gún régé tó ń hàn nínú ẹ̀, bíi etí ilẹ̀kùn, kẹ́ ẹ wá máa mi orí lọ sọ́tùn-ún sósì díẹ̀díẹ̀. Tí etí ilẹ̀kùn yẹn bá ń rú bí omi tí atẹ́gùn fẹ́ sí, gíláàsì náà ti dàgbà. Gíláàsì tòde òní orí tánńganran (irin tí Òyìnbó ń pè ní tin) yíyọ́ ni wọ́n ti ń mú un léfòó kó lè tẹ́jú, ọdún 1959 ni ilé iṣẹ́ Pilkington kéde ọ̀nà yẹn fáráyé, kò sì lè rú bẹ́ẹ̀ láéláé.

Àmọ́ ibi tó ṣe pàtàkì jù nìyí. Oríṣi ẹ̀yìn méjì ni dígí àtijọ́ máa ń ní. Èyí tó pẹ́ jù, tánńganran pẹlẹbẹ ni wọ́n máa tẹ́, wọ́n á da mẹ́kúrì lé e, wọ́n á wá rọra ti gíláàsì gorí ẹ̀, wọ́n á fi ẹrù tó wúwo tẹ̀ ẹ́ títí mẹ́kúrì tó ṣẹ́ kù á fi ṣàn dà nù. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é láti àwọn ọdún 1500 nìyẹn títí wọ inú àwọn ọdún 1800 dáadáa. Ní 1835 ni Justus von Liebig, onímọ̀ kẹ́mísírì ará Jámánì, wá rí ọ̀nà tí wọ́n fi lè mú fàdákà gidi lẹ̀ mọ́ gíláàsì látinú omi kẹ́míkà, kò sì gbilẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ìdajì kejì ọgọ́rùn-ún ọdún yẹn ló tó gba ọjà.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n? Tí ẹ̀yìn gíláàsì bá ní ọ̀dà, pupa tàbí àwọ̀ ilẹ̀, fàdákà ni, torí fàdákà kì í lè dá wà láìsí ọ̀dà tó bò ó. Tí ẹ̀yìn ẹ̀ bá wà ní ìhòòhò, tó rí bí irin eérú tí ò dán, mẹ́kúrì ni. Ẹ tún lè gbé bébà funfun síwájú ẹ̀: dígí fàdákà máa ń mú bébà yẹn rí rúsúrúsú díẹ̀, ti mẹ́kúrì máa ń mú un ṣe búlúù àti eérú. Tó bá ń bàjẹ́, ti fàdákà máa ń dúdú láti etí wọlé, ti mẹ́kúrì máa ń tàn yinrin yinrin bí yanrìn tí oòrùn ń pa. Etí dúdú tí Àǹtí sọ yẹn jọ ti fàdákà sí mi. Tó bá sì jẹ́ fàdákà, a jẹ́ pé kò dájú pé ìgbà ọba yẹn ni wọ́n ṣe é, ìgbẹ̀yìn àwọn ọdún 1800 tàbí lẹ́yìn ẹ̀ ló jọ.

ÌyáMẹ́ta

@AwoDígí ẹ dúró ná, mẹ́kúrì kẹ̀? Ṣé kì í ṣe májèlé? Mo ní dígí àtijọ́ kan nínú yàrá àwọn ọmọ mi!

NọọsìTóFẹ́ràn_Ilé

Ìyá Mẹ́ta, ẹ fọkàn balẹ̀ kẹ́ ẹ sì ṣọ́ra. Ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn ẹ̀ bí AwoDígí ṣe sọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ fàdákà. Tó bá jẹ́ ti mẹ́kúrì lóòótọ́, èyí tó wà nínú àpòpọ̀ yẹn ò ń jáde púpọ̀ tó bá wà lódindi tó rọra dúró síbi kan. Ìṣòro dé tí mẹ́kúrì bá ń kán jáde, torí bí ọdún ṣe ń lọ ó máa ń ṣàn wálẹ̀ kó jọ sí etí ìsàlẹ̀ férémù, ó sì máa ń di ooru tí ojú ò rí, ooru yẹn la ò fẹ́ kí ọmọdé tàbí aláboyún máa fà sínú.

Torí náà: ẹ má dorí ẹ̀ kodò, ẹ má tẹ́ ẹ sílẹ̀, bó ṣe dúró lára ògiri láti ìgbà tó ti wà ni kẹ́ ẹ ṣe gbé e. Ẹ má fi nǹkan ha ẹ̀yìn ẹ̀. Ẹ wo etí ìsàlẹ̀ ẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, tẹ́ ẹ bá rí ìlẹ̀kẹ̀ kéékèèké tó ń dán tó ń yí gbirigbiri, ẹ kó àwọn ọmọ jáde, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ ti ilẹ̀kùn yàrá, kẹ́ ẹ pe àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kíkó ohun olóró. Ẹ má gbálẹ̀ ibẹ̀, ẹ sì má fi ẹ̀rọ tó ń fa ìdọ̀tí fà á rárá, ńṣe ló máa fọ́n ooru ẹ̀ ká gbogbo ilé. Yàrá ọmọdé ò sì yẹ irú dígí yẹn, àní tí kò bá kán, torí gíláàsì àtijọ́ tó bá fọ́, abẹ ni.

ÌyáMẹ́ta

Mo ti wò ó. Ọ̀dà pupa ló wà lẹ́yìn ẹ̀, Ọlọ́run ṣeun. Ṣùgbọ́n mo ti gbé e kúrò níbẹ̀ lọ sí ọ̀nà àbáwọlé nítorí ọ̀rọ̀ abẹ yẹn.

Táyé_Ọ̀ṣọ́

Èmi máa sọ tèmi o, ẹ má bínú. Dígí wà fún wíwo ojú. Mo ra dígí àtijọ́ kan tó ti ṣú pátá, mo pè wọ́n wá, wọ́n yọ gíláàsì ẹ̀, wọ́n fi tuntun sí i, ó dán gbinrin, gbogbo ẹni tó wọlé ló ń yìn ín. Kí ni mo fẹ́ fi àmì dúdú ṣe? Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, ẹ pààrọ̀ ẹ̀ jàre.

AtúnFérémùṢe

> Kí ni mo fẹ́ fi àmì dúdú ṣe?

Táyé, ilé ẹ ni, ohun tó bá wù ẹ́ ló yẹ kó wà níbẹ̀, mi ò ní bá ẹ jà. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ti rí nídìí iṣẹ́ yìí.

Gíláàsì tuntun mọ́lẹ̀ jù. Tó o bá fi í sínú férémù tí wúrà ẹ̀ ti rọ̀ tó ti parẹ́ níbì kọ̀ọ̀kan, férémù yẹn á wá dà bí ẹni tó gbó lójijì, ìgbà yẹn ni wọ́n á wá sọ pé ká tún férémù náà kùn, tá a bá sì kùn ún tán, kí ló kù tó jẹ́ ti àtijọ́? Mo ti rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Èkejì ni pé ihò férémù àtijọ́ kò jìn, gíláàsì tínínrín ni wọ́n ṣe é fún, tí wọ́n bá fi èyí tó nípọn sí i, ìwúwo ẹ̀ á máa fa oríkèé férémù ya. Ẹ̀kẹta, etí gíláàsì àtijọ́ tí wọ́n fi ọwọ́ lọ̀ kó lè dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó máa ń rọra dà débi pé ìka ò fẹ́ẹ̀ mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, ti ẹ̀rọ tòde òní máa ń ga ní igun, ojú máa ń rí i láti òkèèrè.

Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ ẹ̀ dandan, kó ṣáà tọ́jú ti àtijọ́ yẹn. Kó fi aṣọ wé e, kó dì í mọ́ pákó, kó kọ ọ́ sára ẹ̀ pé ti férémù báyìí ni, kó tọ́jú ẹ̀ ní ìdúró síbi gbígbẹ. Ọjọ́ tí ìwọ tàbí ọmọ ẹ bá fẹ́ tà á, ẹni tó mọyì ẹ̀ á bèèrè rẹ̀. Ohun kan náà ni mo ní lòdì sí kí wọ́n fọ ẹ̀yìn ẹ̀ kí wọ́n tún da fàdákà tuntun sí i, ohun tí wọ́n bá ti fọ dànù ò ṣeé kó padà.

Táyé_Ọ̀ṣọ́

Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti kó gíláàsì mi lọ lọ́jọ́ yẹn o. Wọn ò bi mí, èmi náà ò sì bi wọ́n. Mi ò mọ̀ pé ó yẹ kí n gbà á padà. Ó dùn mí báyìí tí mo kà á.

AwoDígí

Pẹ̀lẹ́ Táyé. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti ṣe bẹ́ẹ̀ torí kò sẹ́ni tó sọ fún wọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan tó jọ ọ́ nípa àwọn dígí ńlá tí wọ́n fi gíláàsì méjì tàbí mẹ́ta so pọ̀, torí mo ti gbọ́ táwọn èèyàn ń sọ pé ó ti là, wọ́n á wá fi dínwó tàbí kí wọ́n kọ̀ ọ́. Kò là. Ohun tó fà á ni pé wọn ò lè ṣe gíláàsì tó tóbi nígbà yẹn. Murano, erékùṣù tó wà létí ìlú Venice ní ilẹ̀ Ítálì, ni wọ́n kó àwọn aṣegíláàsì lọ láti 1291, àwọn ló sì mọ iṣẹ́ dígí jù fún ìgbà pípẹ́, wọ́n sì ń ṣọ́ àṣírí ẹ̀ lójú méjèèjì. Ní 1665 ni Colbert, mínísítà ọba Louis kẹrìnlá, dá ilé iṣẹ́ dígí sílẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé, tó sì fa àwọn oníṣẹ́ láti Murano wá. Àní Gàlárì Dígí tó wà ní ààfin Versailles tí wọ́n kọ́ láàárín 1678 sí 1684, dígí 357 ló wà níbẹ̀, ní ojú 17 lára ògiri tí orí wọn ká rọ̀bọ̀tọ̀, kéékèèké ni wọ́n tò pọ̀. Ó di ìgbẹ̀yìn àwọn ọdún 1600 kí wọ́n tó máa da gíláàsì yíyọ́ sórí tábìlì irin láti fi ṣe èyí tó fẹ̀. Torí náà tẹ́ ẹ bá rí dígí gíga kan tí wọ́n ya àwòrán tàbí gbẹ́ nǹkan sí òkè ẹ̀, irú tí wọ́n ń pè ní trumeau, tí oríkèé wà láàárín gíláàsì ẹ̀, ẹ má kọ̀ ọ́ nítorí oríkèé yẹn.

Ẹlẹ́rọ_Ògiri

Mo fẹ́ bọ́ sí ọ̀rọ̀ kíkọ́ ẹ̀ torí kò sẹ́ni tó tíì fọwọ́ kàn án, èmi sì ti jẹ̀ka àbámọ̀ níbẹ̀. Dígí ìyá mi àgbà ni mo gbé kọ́ pẹ̀lú wáyà tí mo bá lẹ́yìn ẹ̀. Wáyà yẹn ti dípẹtà nínú, ojú ẹ̀ ṣì dáa. Oṣù kẹrin, ní nǹkan bí aago mẹ́ta òru, a gbọ́ gbàà. Kò sẹ́ni tó wà níbẹ̀, ohun tí mo ń dúpẹ́ lé lórí nìyẹn, àmọ́ gíláàsì ẹ̀ lọ pátá, mo ṣì ní férémù ẹ̀ lófìfo títí dòní.

Ẹ kọ́kọ́ ṣírò ìwúwo ẹ̀. Gíláàsì tó fẹ̀ tó mítà kan ní ìhà gbogbo, mìlímítà kan péré nínú nínípọn ẹ̀ wúwo tó kílò 2.5. Ti Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, 1.2 lọ́nà 0.8 jẹ́ 0.96, tó bá nípọn tó mìlímítà 4 ó ti tó kílò 9.6, férémù onígi àti ẹfun ò tíì sí níbẹ̀, ìyẹn nìkan lè tó bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣètò fún kílò 20, kí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi gbé e kọ́ lè gbé ìlọ́po méjì ìyẹn.

Wáyà kan àti ìṣó kan ò sí nínú ẹ̀. Ìkọ́ méjì lára férémù lápá ọ̀tún àti òsì, síkúrù méjì nínú ògiri, kí kálukú gbé ìwúwo tiẹ̀. Tó bá wúwo jùyẹn lọ, pákó méjì tí wọ́n gé ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kí ọ̀kan lè kọ́ èkejì mú, ọ̀kan lára ògiri, ọ̀kan lára férémù, kò sí ohun tó dáa tó o. Ògiri bíríkì, ẹ lù ú, ẹ ki ike sínú ihò ẹ̀ kẹ́ ẹ tó fi síkúrù. Ògiri páálí, ẹ wá igi tó wà nínú ẹ̀ kàn. Kẹ́ ẹ sì wo igi férémù náà o, tí kòkòrò bá ti jẹ ẹ́, síkúrù ò lè dì mú nínú ìyẹ̀fun.

Rẹ̀mí_Àwọ̀

Sí ibi tẹ́ ẹ máa gbé e kọ́. Àǹtí, mi ò fara mọ́ òkè àga yẹn. Àga mítà 2, dígí 80 sẹ̀ǹtímítà, ó máa dà bí sítáǹpù lára àpò ìwé. Ohun tó bá wà lábẹ́ dígí, ó dáa kí dígí fẹ̀ tó ìdá méjì nínú mẹ́ta ẹ̀ tàbí kó sún mọ́ ọn. Tábìlì tó fẹ̀ tó 1.2 mítà ló bá a mu.

Ohun táwọn èèyàn sì máa ń gbàgbé ni pé ohun tí dígí bá ń kọjú sí ló máa ń di méjì nínú ilé yín. Ẹ ní kẹ́nì kan bá yín gbé e dání lára ògiri, kẹ́ ẹ wá lọ jókòó síbi tẹ́ ẹ máa ń jókòó sí, kí lẹ rí? Tó bá jẹ́ ilẹ̀kùn balùwẹ̀ àti wáyà tẹlifíṣọ̀n lẹ rí, ibẹ̀ kọ́. Ní ọ̀kánkán fèrèsé, ó máa kó ìmọ́lẹ̀ wọlé gan-an, àmọ́ oòrùn tó ń tàn tààrà sórí wúrà àti ẹfun yẹn máa ń bà á jẹ́. Ògiri tó wà ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni mo fẹ́ràn jù, ìmọ́lẹ̀ á rọra gba ẹ̀gbẹ́ wọnú ẹ̀, àmì dúdú tó wà lára ẹ̀ á wá di ẹwà, torí ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti rọ̀ ni dígí àtijọ́ ti máa ń dáa jù. Ẹ má gbé e sí balùwẹ̀ láé, ooru omi á gba etí wọnú fàdákà yẹn, kó tó pẹ́ dúdú etí á dé àárín.

Kẹ́mi_PálọKékeré

Ẹ jọ̀ọ́ ṣé èèyàn lè rí ara ẹ̀ látorí dé ẹsẹ̀ nínú dígí tó jẹ́ 120? Mo ń wá èyí tí màá fi wo aṣọ.

AwoDígí

Ó lè rí i. Dígí tó gùn tó ìdajì gíga èèyàn ti tó, bó sún mọ́ ọn, bó jìnnà sí i, kò yí i padà. Ohun tó ṣe pàtàkì ni ibi tó bẹ̀rẹ̀ sí. Ká ní o ga tó 165, tí ojú ẹ wà ní 154, gíláàsì náà gbọ́dọ̀ dé nǹkan bí 160 lókè, kí ìsàlẹ̀ ẹ̀ wà ní 77 sẹ̀ǹtímítà láti ilẹ̀, ìyẹn 83 péré. Ìdí tí ọ̀pọ̀ fi rò pé kò ṣeé ṣe ni pé wọ́n gbé e ga jù. Kẹ́mi, tó bá jẹ́ aṣọ lo fẹ́ máa fi wò, wá èyí tó dúró lórí ẹsẹ̀ ara ẹ̀ tó sì ṣeé tì síwá sẹ́yìn, tàbí àwọn ti ọdún 1920 sí 1930 tí ò ní férémù, tí wọ́n lọ̀ etí ẹ̀ tí wọ́n sì fín nǹkan sí gíláàsì ẹ̀ gan-an, wọ́n fúyẹ́ lójú, wọn kì í gba àyè yàrá kékeré.

Rẹ̀mí_Àwọ̀

Ẹni tó bá ń bẹ̀rẹ̀, vintage náà dáa o, kò dandan kó jẹ́ 100 ọdún. Àwọn tó ní ìtànṣán yíká bí oòrùn, tí wọ́n gbajúmọ̀ ní àwọn ọdún 1950 àti 1960, ọ̀kan péré lára ògiri òfìfo ti tó. Mo tún fẹ́ràn àwọn rìbìtì tí ikùn wọn yọ síta, tí wọ́n fi bọ́ọ̀lù wúrà wẹ́wẹ́ yí ká tí ẹyẹ idì sì wà lórí wọn nígbà míì, ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1800 ni wọ́n gbòde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbogbo yàrá ló máa ń wọ inú ẹ̀ bó ti wù ó kéré tó. Irú dígí oníkùn yẹn wà nínú àwòrán tí Jan van Eyck yà ní 1434, èyí tí tọkọtaya kan ti di ọwọ́ ara wọn mú, dígí ọ̀hún wà lára ògiri lẹ́yìn wọn.

Ẹ má ṣì í mú fún èyí tí àárín ẹ̀ jìn wọnú, irú tí wọ́n fi ń wo ojú kó lè tóbi. Ìyẹn máa ń kó ìtànṣán oòrùn jọ sí ojú kan, tó bá wà nítòsí fèrèsé ó lè dáná sí kọ́tìnnì. Oníkùn tó yọ síta ńṣe ló ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká.

ÀbẹkẹIlé

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti lọ! Wákàtí méjì ni mo lò níbẹ̀, mo mú bírò, tọ́ọ̀ṣì, bébà funfun àti téèpù ìwọ̀n dání.

Ẹ̀yìn ẹ̀: pákó gidi mẹ́rin, àlàfo wà láàárín wọn, àárín ẹ̀ ṣú, etí ẹ̀ tí férémù bò mọ́ jù ú lọ. Síkúrù ẹ̀ olójú ìlà kan ni gbogbo ẹ̀ àfi ọ̀kan tó jẹ́ àgbélébùú, ihò àtijọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ bí ẹ̀gbọ́n Férémù ṣe sọ gẹ́lẹ́. Àlàfo pákó kan jẹ́ kí n yọjú wo ẹ̀yìn gíláàsì, ọ̀dà àwọ̀ ilẹ̀ ni, bébà funfun náà rí rúsúrúsú. Etí ilẹ̀kùn rú bí omi, inú mi dùn débi pé mo ń mi orí bí aláǹgbá. Amọ̀ pupa ń yọ ní góńgó òdòdó yẹn. Mo wá sọ fún onítọ̀hún pé kò jọ ìgbà ọba ọ̀hún o, ó jọ ìgbẹ̀yìn àwọn ọdún 1800, ó ní òun náà ò mọ̀, ìyá òun ló sọ fún òun pé ó lé ní 100. Ó jọ pé òótọ́ ni ìyá ẹ̀ sọ.

Mo ti gbé e wálé. Mi ò yọ gíláàsì ẹ̀. Àmọ́ ewé òdòdó kan ti ṣí kúrò lápá òsì, tó tó èékánná àtàǹpàkò, ẹfun funfun ń hàn níbẹ̀. Mo ní ọ̀dà wúrà kékeré kan nílé, ṣé kí n fi kùn ún? Báwo ni màá sì ṣe nù ún?

AtúnFérémùṢe

Ẹ kú oríire o Àǹtí! Ẹ gbé ọ̀dà wúrà yẹn jìnnà sí i, jọ̀ọ́. Idẹ ló wà nínú ẹ̀, tó bá pẹ́ á di àwọ̀ ilẹ̀, ojú gbogbo èèyàn ibẹ̀ ló máa lọ. Ibi tó kéré tó yẹn, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tí ẹfun ibẹ̀ bá ń gbọ̀n dànù, ẹ pe ẹni tó mọ iṣẹ́ wúrà kó lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Tẹ́ ẹ bá bá èyí tó jábọ́ nílẹ̀, ẹ kó o sínú àpòòwé, ẹ má dà á nù.

Ní ti nínù, kí omi má kan férémù rárá. Àtè tí wọ́n fi po ẹfun yẹn, omi ló ń tú u, bí ẹ ṣe ń nù ún ni wúrà á máa bá aṣọ lọ. Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ tó rọ̀ bí irun ọmọ tuntun ni kẹ́ ẹ fi gbọn eruku ẹ̀. Gíláàsì ẹ̀ náà, ẹ má fọ́n omi sí i lójú, ó máa ṣàn lọ sí etí kó wọ ẹ̀yìn ẹ̀, ara ẹ̀ ni dúdú etí yẹn ti ń wá. Ẹ fi omi díẹ̀ sí aṣọ, ẹ fún un dáadáa, ẹ nu àárín, kẹ́ ẹ fi aṣọ gbígbẹ tẹ̀ lé e. Àwọn ọṣẹ gíláàsì tó ń ta sánsán sí imú yẹn, ẹ má lò ó.

Ẹlẹ́rọ_Ògiri

Àǹtí, kí lẹ fẹ́ fi gbé e kọ́? Ẹ má fi wáyà ẹ̀yìn ẹ̀ o.

ÀbẹkẹIlé

Mo ti já wáyà yẹn, ó ṣẹ́ sí méjì lọ́wọ́ mi nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́. Ìkọ́ méjì ni káfíńtà fi sí i, ó sì lu ògiri bíríkì. Kì í ṣe òkè àga, ògiri ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni, lókè tábìlì kékeré mi, ìsàlẹ̀ ẹ̀ wà ní 77 gẹ́lẹ́ torí mo wọ̀n ọ́ nítorí AwoDígí.

Lálẹ́ àná mo pa iná pálọ̀, mo fi ọ̀kan ṣoṣo sílẹ̀, mo jókòó síbi tí mo máa ń jókòó sí. Igi tó wà níta fèrèsé ló hàn nínú ẹ̀, ó ń rú díẹ̀díẹ̀ bí mo ṣe ń mi orí, ọmọ mi wá bi mí pé kí ni mò ń wò.